Àwọ̀ Ìjókòó Inú Kọ́ọ̀ṣì Nọ́ńbà 84

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Lemuel Tisdale fi pín lẹ́tà ní ìlú Hadley Forks, ní Ohio. Ajá mẹ́rin ló bù ú jẹ kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tójú rẹ̀ ti rí irú ìyẹn, ó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ kó máa mu kọfí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Lemuel ò mọ ìjókòó jẹ́ẹ́. Nínú yàrá kékeré kan nísàlẹ̀ ilé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnnì, ó ń kọ́ ọkọ̀ ojú irin. Kéékèèké ni o. Kọ́ọ̀ṣì kan ò gùn ju láti ìgúnpá dé ìka ọwọ́ lọ. Bí ẹ bá pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé lójú rẹ̀, ẹ ti fọwọ́ ara yín fa wàhálà, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ lọ títí ẹ ó fi mọ iye ìṣó tó wà lára òrùlé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kò dá wèrè náà ṣe. Ẹgbẹ́ kan wà nílùú, àwọn arúgbó ọkùnrin ni gbogbo wọn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Rélùwéè Wapanee ló tẹ Hadley Forks dó, ilé iṣẹ́ náà sì ti kú fi ìlú sílẹ̀, ìrántí ló kù. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹwàá, ẹgbẹ́ á kóra jọ sí gbọ̀ngàn àwọn panápaná, wọ́n á to kọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì, wọ́n á máa fún un ní máàkì bí ẹni ń wo iṣẹ́ àmúrelé. Ogún máàkì wà fún inú kọ́ọ̀ṣì nìkan. Inú kọ́ọ̀ṣì ọ̀hún rèé, wọn ò ní pẹ́ fi òrùlé dé e, wọ́n á fi gúlù lẹ̀ ẹ́, ojú ẹnikẹ́ni ò ní tó o mọ́ láyé. Mo ti bá wọn jiyàn títí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi.

Òfin ẹgbẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí o bá fi síbẹ̀, mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ẹ̀rí lè jẹ́ fọ́tò, ó lè jẹ́ àwòrán, ó lè jẹ́ lẹ́tà, ó sì lè jẹ́ nǹkan tó já lára ọkọ̀ gan-an. Òfin yìí ló gbé Lemuel ṣubú. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé kọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 84 wá, ti ọkọ̀ Ìràwọ̀ Ìrọ̀lẹ́, bó ṣe rí lọ́dún 1950. Ó kun gbogbo ìjókòó rẹ̀ ní pupa. Delbert Kreisher, dókítà eyín tó ti fẹ̀yìn tì, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó ní, "Lemuel, ta ló sọ fún ọ pé pupa ni?"

Lemuel dé òrùlé kọ́ọ̀ṣì rẹ̀ padà. Kreisher náà ló gba ife ẹ̀yẹ lọ, ẹ̀ẹ̀kẹrin tẹ̀léra. Nígbà tó di pé kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a díje mọ́, ẹgbẹ́ fi í ṣe adájọ́ kí àwọn yòókù lè rí ayé gbé.

Bí Lemuel ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nìyẹn. Lẹ́tà méjìdínlógójì ló kọ. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé lẹ́tà fún àwọn ẹlòmíràn, òun náà wá di ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tó ń wo ọwọ́ alápò lẹ́tà bí ebi ṣe ń wo ọwọ́ alásè. Ilé àkójọ ohun àtijọ́ tó wà ní olú ìlú fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Fọ́tò náà dára, ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ni. Ìjókòó, àwọ̀ eérú. Kọ̀ndọ́kítọ̀, àwọ̀ eérú. Òdòdó tí obìnrin kan mú dání, àwọ̀ eérú. Ọkùnrin kan ní Indiana tún ta àjákù aṣọ kan fún un, ó fi ìyá rẹ̀ búra pé ara kọ́ọ̀ṣì Wapanee ló ti já a. Corinne, ìyàwó Lemuel, wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní aṣọ àga oníhùùhù tó wà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni, pé òun ti sùn lórí ẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, Lemuel gbọ́ pé kọ́ọ̀ṣì 84 fúnra rẹ̀ ṣì wà láyé, pé ó wà lóko àgbẹ̀ kan tó ń sin adìyẹ nínú ẹ̀. Ó wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́ta. Ó bá adìyẹ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bá ìjókòó. Ó wọlé tọ̀ wọ́n, ó ń fi ọ̀bẹ ha ògiri, àkùkọ kan ò gbà fún un, ó fi àgógó ẹnu sọ ọ́ létí. Ìyẹ́ adìyẹ lórí fìlà àti ẹ̀fọ́rí ló fi ṣe èrè àjò, pẹ̀lú àwọ̀ ògiri díẹ̀ tí kò tó èékánná. Ògiri sì kọ́, kì í ṣe ìjókòó.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ń lọ. Ìyá Corinne, Ìyá Arzella Pruitt, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé náà, orúnkún rẹ̀ ò sì gba àtẹ̀gùn mọ́. Corinne ti gbé ìdájọ́ kalẹ̀.

"Lem, láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, Màmá ló ni yàrá ìsàlẹ̀."

"Corinne, ṣé o rántí pé ìdíje…"

"Ìdíje á parí nínú oṣù kẹwàá. Mo ti wo kàlẹ́ńdà."

"Níbo ni kí n kó ọkọ̀ mi sí?"

"Òkè àjà ò kún."

Òkè àjà yẹn, ààrò ni nígbà ooru, yìnyín ni nígbà òtútù. Gúlù kan ò lè dúró níbẹ̀, ọwọ́ arúgbó ò sì lè di búrọ́ọ̀ṣì mú níbẹ̀. Lemuel mọ̀ pé ìdíje ọdún yìí ni yóò kẹ́yìn tòun. Ó fẹ́ gba ife yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó kógbá wọlé, kò sì mọ àwọ̀ ìjókòó.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kò bi ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ohun tó mọ̀ ni pé ìyá náà ti "gbálẹ̀ ní rélùwéè" rí, ó sì rò pé ibùdókọ̀ ni wọ́n ń gbá. Èkejì, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Ìyá ní agolo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, níbi tó ń da ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ṣẹ́kù nínú páànù sí. Ọ̀rá yẹn ló fi ń se ẹ̀fọ́, òun ló fi ń yan búrẹ́dì àgbàdo, kì í jẹ́ kó tán láéláé. Lemuel wá agolo tí yóò fi rẹ búrọ́ọ̀ṣì àwọ̀, ó da ọ̀rá nù, ó fi agolo ṣe tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ìyá bá fẹ́ sọ fún un, Corinne ló ń rán. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ìyá tí Lemuel fẹ́ràn ni kúbùsù ńlá kan tó wúwo, tí ìyá fi àjákù aṣọ rán fúnra rẹ̀. Lọ́dọọdún ni Corinne ń bá a yá a, òun ló ń fi wé kọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ sí ìdíje kó má baà fara pa lọ́nà.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú oṣù kẹsàn-án, wọ́n fẹ́ jẹun ọ̀sán. Tábìlì Lemuel ti kún, ó bá gbé kọ́ọ̀ṣì 84 sórí kọ́bọ́ọ̀dù inú pálọ̀, ó ṣí òrùlé rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Arzella sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ìsọ̀kalẹ̀ náà sì gùn tó ìwàásù. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó di kọ́bọ́ọ̀dù mú kó lè mí. Ojú rẹ̀ bọ́ sínú kọ́ọ̀ṣì.

Ó wò ó títí. "Corinne," ó ní, "sọ fún ọkọ rẹ pé ẹni tó sọ fún un pé pupa ni ìjókòó yẹn, irọ́ ló pa."

Lemuel gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. "Corinne, bá mi bi Màmá léèrè, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?"

"Sọ fún un pé ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélógún wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú nǹkan, kò nílò fọ́tò."

"Corinne, bi wọ́n, ṣé kì í ṣe ibùdókọ̀ ni wọ́n ń gbá ni?"

"Sọ fún un pé ibùdókọ̀ kì í ní ìjókòó mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, kì í sì í wá láti Chicago láràárọ̀ pẹ̀lú èébì ọmọ ọwọ́ lára."

Corinne dìde. Ó gbé àwo adìyẹ díndín lọ́wọ́ kan, ó gbé ọ̀dùnkún lọ́wọ́ kejì. "Èmi kì í ṣe wáyà tẹlifóònù," ó ní. "Ebi ń pa mí. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti fẹ́ jẹ tèmi." Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó jáde, ó kó oúnjẹ lọ.

Ó ku àwọn méjèèjì àti àwo ẹ̀fọ́ kan. Lemuel sún àwo náà sọ́dọ̀ ìyá.

"Màmá."

"Mò ń gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo ni?"

"Agolo ọ̀rá mi ńkọ́?"

Lemuel dorí kodò. "Màmá, mo ṣẹ̀ yín lórí agolo yẹn. Ẹ má bínú."

"Ọdún mọ́kànlá kí ọ̀rọ̀ yẹn tó dé ọ̀dọ̀ mi," ni ìyá wí, "inú ilé kan náà la sì wà. Abájọ tí lẹ́tà kì í fi í tètè dé nílùú yìí."

Ó dun Lemuel dé egungun, ṣùgbọ́n ó gbà á, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ìyá fa àga, ó jókòó, ó ní òun á sọ àwọ̀ ìjókòó, òun á sì sọ àwọn nǹkan mìíràn tí Lemuel ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kó béèrè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

"Yàrá ìsàlẹ̀ yẹn. Lónìí. Mi ò dúró de oṣù kọkànlá kankan."

Lemuel wo kọ́ọ̀ṣì, ó wo ilẹ̀kùn yàrá. "Tábìlì mi ńkọ́?"

"Tábìlì lè dúró títí ẹ ó fi ṣe ìdíje yín. Tábìlì kì í hanrun."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ibùsùn ìyá ti wà nísàlẹ̀, Lemuel ló sì fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gbé e. Láti ọjọ́ kejì, ibi ẹsẹ̀ ibùsùn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá á gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn, á da kúbùsù rẹ̀ bo orúnkún, á máa pàṣẹ. Àwọ̀ ewé ni ìjókòó ọwọ́ òsì, àwọ̀ kọfí ni tọwọ́ ọ̀tún. Kí ló fà á? Yìnyín fọ́ fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún lọ́dún 1949, omi ba ìjókòó ibẹ̀ jẹ́, wọ́n sì fi aṣọ mìíràn rán an. Aṣọ funfun tí èrò ń gbórí lé, píìnì méjì ló ń dì í mú, orí píìnì gbọ́dọ̀ kọjú sí fèrèsé kó má baà kọ́ fìlà àwọn ìyáàfin. Ìjókòó kẹta lọ́wọ́ òsì kì í ṣeé tẹ̀ sẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni kọ̀ndọ́kítọ̀ máa ń fi ẹni tí kò bá wù ú sí.

"Ṣingọ́ọ̀mù ńkọ́, Màmá?" Lemuel ti ń gbádùn ara rẹ̀. "Ibo ló ń pọ̀ sí?"

"Abẹ́ ìjókòó kẹrìnlá. Àtọmọdé àtàgbà, mi ò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n níbẹ̀. Ọ̀bẹ ilé mi ni mo fi ń ha á, títí ẹnu ọ̀bẹ fi tẹ̀. Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ níbẹ̀ yẹn."

Ohùn Corinne wá láti kíṣìnnì. "Màmá, ọ̀bẹ wo?"

"Èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀."

Dúrọ́ọ̀ ṣí ní kíṣìnnì. "Ogún ọdún ni mo ti ń fi ọ̀bẹ yìí pa bọ́tà," ni Corinne wí. Ìyá ní ṣé ó pa á ni?

Bí ọjọ́ ìdíje ṣe ku ọ̀sẹ̀ kan, Lemuel jókòó, ó mí kanlẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì ti parí, ó sì dára. Àwọn èrò kéékèèké jókòó sínú rẹ̀, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, òun ló kun ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan: sójà tó sùn lọ, obìnrin tó gbé ọmọ, ẹni tí kò wu kọ̀ndọ́kítọ̀ lórí ìjókòó kẹta.

"Màmá, mo gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ gbọ́. Ṣùgbọ́n Kreisher á béèrè ẹ̀rí, ẹ̀rí ò sì sí lọ́wọ́ mi."

Ìyá wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó gbé ìwé lódì. "Tisdale, kí ni mo dà bo orúnkún yìí?"

"Kúbùsù yín ni, Màmá."

"Kí ni mo fi rán an?"

Lemuel wo kúbùsù. Àwọ̀ ewé. Àwọ̀ kọfí. Aṣọ oníhùùhù tó nípọn, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Nígbà tí omi ba ìjókòó jẹ́ lọ́dún náà, wọ́n da aṣọ rẹ̀ nù, ìyá kó o, ó fọ̀ ọ́, ó sá a. Ó tún ṣa èyí tó já bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń rán tuntun. Ó yí inú kúbùsù síta. Aṣọ funfun ìgbórílé ló fi ṣe inú rẹ̀, orúkọ WAPANEE sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, híhun ni wọ́n hun ún mọ́ ọn. Lọ́dún tó kọjá, kúbùsù yìí ni Lemuel fi wé ìjókòó pupa lọ pàdé ìtìjú. Ẹ ti mọ òwe tí ó yẹ kí n pa síbí, nítorí náà mi ò ní pa á.

Nígbà tó di ọjọ́ ìdíje, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Corinne ti ìyá lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera, kúbùsù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kọ́ọ̀ṣì wà lórí kúbùsù. Gbọ̀ngàn kún, kọfí àti dónọ́ọ̀tì wà nílẹ̀. Kreisher dé tábìlì wọn pẹ̀lú ìwé máàkì, ó fi dígí kékeré tó fi ń wo eyín nígbà kan yẹ inú kọ́ọ̀ṣì wò.

"Lemuel, àwọ̀ méjì. Ẹ̀rí dà?"

"Òun nìyẹn lórí kẹ̀kẹ́," ni Lemuel wí.

"Èèyàn kì í ṣe ẹ̀rí, òfin ò mú un dání."

"Ó dáa, ọmọ mi," ni ìyá wí, "kí ni òfin sọ nípa nǹkan tó já lára ọkọ̀?" Ó na etí kúbùsù sí i.

Kreisher kúnlẹ̀. Ó wo aṣọ, ó ka orúkọ tó wà nínú rẹ̀, ó tún un kà. Etí rẹ̀ pọ́n. Ó dìde, ó kọ ogún sínú ìwé, ó ní ó ti pẹ́ tóun ti wà lẹ́nu eléyìí, òun ò rí irú ẹ̀ rí. Ó gbé dígí ńlá rẹ̀, èyí tó ń mú nǹkan tóbi lójú, fún ìyá kí òun náà wo kọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Lemuel ti ń ro ibi tó máa gbé ife sí. Ó ti ka máàkì gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tó lè bá a mọ́.

Ìyá tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wo píìnì. Ó wo ìjókòó kẹta, ó rẹ́rìn-ín. Ó wo gbogbo èrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní, "Èmi dà níbẹ̀?"

Lemuel bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá a láàárín àwọn èrò.

"Kò sí nǹkan," ni ìyá wí. Ó gbé dígí padà. "Nígbà tí èrò bá wà nínú ẹ̀, àwa agbálẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Wọ́n á bọ́ọ́lẹ̀ kí àwa tó wọlé. Ó jọ ọ́, Tisdale. O ṣe dáadáa." Ó fọwọ́ méjèèjì lé ẹsẹ̀.

Lemuel dúró. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹnu obìnrin yìí ló ti jáde, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kun ojú sójà tí kò mọ̀ rí. Ojú tì í gan-an. Ó kó ọwọ́ sápò, ó mú ẹ̀mú kékeré rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn èrò. Ó yọ sójà. Ó yọ ìyá ọlọ́mọ.

Corinne di apá rẹ̀ mú. "Lem, kí lò ń ṣe?"

"Ọkọ̀ ti dé ibùdó," ni Lemuel wí. "Èrò ń bọ́ọ́lẹ̀."

Kreisher rẹ ohùn sílẹ̀. "Lemuel, máàkì mẹ́rin ló wà fún èrò. Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí n pa ìwé dé. Bí mẹ́rin yẹn bá lọ, ife ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, mi ò sì lè ṣe ojúsàájú."

"Mo mọ̀. Ṣé o ní obìnrin kan tó kúnlẹ̀?"

Kreisher rò ó. Ó lọ síbi tí wọ́n to ọkọ̀ tirẹ̀ sí fún ìran wíwò, ó ti ọwọ́ bọ inú ọgbà ilé kékeré kan tó wà níbẹ̀, ó sì yọ obìnrin kan tó kúnlẹ̀ tó ń gbin òdòdó, tó wé aṣọ búlúù mọ́rí. Lemuel fi àwọ̀ kun ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bí awọ ara ìyá ṣe rí, ó gbé e kalẹ̀ sínú kọ́ọ̀ṣì tó ti ṣófo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó kẹrìnlá.

Máàkì méjì ló fi pàdánù. Panápaná kan ló gba ife, ó gbé wágúnù èédú wá. Inú rẹ̀, èédú. Ẹ̀rí rẹ̀, èédú kan nínú ike. Wọ́n fún un ní ogún nínú ogún, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí mo ń sọ nìyẹn.

Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá pé, Lemuel bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú páálí fún òkè àjà. Ìyá ní kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní òun ti fi ọdún mẹ́rìnlélógún gbọ́ ariwo ọkọ̀, pé àìgbọ́ ọ ni kì í jẹ́ kóun rí oorun sùn. Lemuel kan pákó yí ògiri yàrá po lókè ibùsùn, ó tẹ́ irin sórí rẹ̀, kọ́ọ̀ṣì 84 sì ń yí ká níbẹ̀ lójoojúmọ́ láìgbé èrò kankan. Òun nìkan ni kọ́ọ̀ṣì tí wọn ò fi gúlù lẹ òrùlé rẹ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá ń fi dígí Lemuel wo ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá. Corinne wà nínú yàrá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ò rán an níṣẹ́.

"Tisdale."

"Màmá."

"Aṣọ tí mo fi ń wérí, yẹ́lò ni. Kì í ṣe búlúù."

Lemuel ò béèrè ẹ̀rí. Ó dá ọkọ̀ dúró, ó ṣí òrùlé, ó sì lọ wá àwọ̀ yẹ́lò.